PAVEL FLORENSKY: BÀBÁ TÍ Ó FI LẸ́TÀ TỌ́ ỌMỌ LÁTI ÀGỌ́ ẸLẸ́WỌ̀N

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ìtumọ̀ òwe yìí ni pé ìbànújẹ́ kò gbọdọ̀ bo ojú ènìyàn dé ibi tí kò fi ní rí ohun tí ó wà níwájú rẹ̀ mọ́. Díẹ̀ ni àwọn ènìyàn inú ìtàn tí òwe yìí bá ìgbésí ayé wọn mu tó Pavel Florensky, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà tí ó gbé ayé láti ọdún 1882 títí di ọdún 1937. Àlùfáà ni, onímọ̀ ìṣirò ni, ó sì tún jẹ́ onímọ̀ ìjìnlẹ̀ nípa iná mànàmáná. Ìwé ńlá rẹ̀ lórí ẹ̀sìn àti ọgbọ́n orí ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́ di ẹni tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń tọ́ka sí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó ṣe kẹ́yìn kì í ṣe ìwé fún àwọn ọ̀mọ̀wé. Lẹ́tà ni, èyí tí ó ń kọ sí ìyá rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ márààrún láti àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n Ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì láàrin ọdún 1933 sí ọdún 1937. Nínú àwọn lẹ́tà wọ̀nyí ni ó ti ń ṣe iṣẹ́ bàbá àti iṣẹ́ olùkọ́ lẹ́yìn tí ìjọba ti gba gbogbo ohun yòókù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìbí àti Ẹ̀kọ́ Rẹ̀

Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1882 ni a bí Pavel Florensky ní Yevlakh, ìlú kan tí ó wà ní orílẹ̀-èdè Azerbaijan lónìí. Abẹ́ àkóso ọba Rọ́ṣíà ni gbogbo agbègbè náà wà nígbà náà. Ọmọ Rọ́ṣíà ni bàbá rẹ̀, ẹnjiníà tí ó ń ṣe ojú irin sì ni. Olga ìyá rẹ̀ ní tirẹ̀ wá láti ìdílé Saparov, ìdílé kan láàrin àwọn ará Armenia. Ìlú Tiflis, tí a mọ̀ sí Tbilisi lónìí, àti ìlú Batumi tí ó wà létí Òkun Dúdú ni ọmọ náà ti dàgbà. Àwọn òbí rẹ̀ kò fi ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kọ́ àwọn ọmọ wọn nínú ilé. Òkúta, ewéko, òkè àti omi òkun ni Pavel kọ́kọ́ kà bí ẹni ń kàwé, àṣà wíwo nǹkan fínnífínní yìí kò sì fi í sílẹ̀ títí ó fi kú.

Ní ọdún 1900 ó wọ Yunifásítì Moscow láti kọ́ ìmọ̀ ìṣirò. Nikolai Bugaev, ọ̀kan lára àwọn àgbà onímọ̀ ìṣirò ilẹ̀ náà, wà lára àwọn olùkọ́ rẹ̀. Nígbà tí ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ọdún 1904, wọ́n fẹ́ kí ó dúró síbẹ̀ kí ó máa bá iṣẹ́ ìwádìí lọ. Ó kọ̀, ó sì gba ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn àlùfáà lọ ní Sergiev Posad, ìlú tí kò jìnnà sí Moscow. Ẹnu ya ọ̀pọ̀lọpọ̀. Lójú tirẹ̀, ìmọ̀ ìṣirò àti ìmọ̀ Ọlọ́run kì í ṣe ọ̀tá ara wọn. Ọ̀nà méjì ni wọ́n jẹ́ sí ibì kan náà.

Ibẹ̀ ni ó wà ní ọdún 1906 tí ìjọba ọba fi yìnbọn pa Schmidt, ọ̀gágun ojú omi kan tí ó léwájú ọ̀tẹ̀ ní ọdún tí ó ṣáájú. Florensky dìde láàrin ìjọ, ó sì wàásù tako ìdájọ́ ikú náà. Nítorí ìwàásù yìí ni wọ́n ṣe jù ú sí ẹ̀wọ̀n Taganka ní Moscow, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí wọ́n fi dá a sílẹ̀. Báyìí ni ó ṣe kọ́kọ́ mọ ojú ẹ̀wọ̀n. Ohun tí ó gbé e débẹ̀ ni pé kò lè pa ẹnu mọ́ níbi tí a bá ti ń ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀.

Ìdílé àti Iṣẹ́ Rẹ̀

Ní ọdún 1910 ó gbé Anna Giatsintova níyàwó. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni wọ́n fi í joyè àlùfáà ìjọ Ọ́tódọ́ọ̀sì, ọdún náà ni wọ́n sì bí Vasily, àkọ́bí wọn. Kirill tẹ̀ lé e ní 1915, Olga ní 1918, Mikhail ní 1921, Maria tí ó jẹ́ àbígbẹ̀yìn sì dé ní 1924. Láàrin àkókò yìí ni ìwé ńlá rẹ̀ jáde, ní 1914. Ọwọ̀n àti Ìpìlẹ̀ Òtítọ́ ni ìtumọ̀ àkọlé rẹ̀, gbólóhùn tí ó wá láti inú lẹ́tà kìn-ín-ní Pọ́ọ̀lù sí Tímótíù.

Ìjọba yí padà ní ọdún 1917. Àwọn Kọ́múníìsì gorí àlééfà, wọ́n ti ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà pa, wọ́n sì ń lé àwọn aṣáájú ẹ̀sìn kiri. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé sá lọ sí ilẹ̀ òkèèrè, àwọn mìíràn ni ìjọba fúnra rẹ̀ lé jáde. Florensky kò lọ. Ó wà lára ìgbìmọ̀ tí ó ń dáàbò bo àwọn ohun àtijọ́ inú ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn tí ó wà ní Sergiev Posad. Láti ọdún 1921 ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí lórí iná mànàmáná fún ìjọba tuntun náà, nítorí pé ìjọba fẹ́ tan iná káàkiri ilẹ̀ Rọ́ṣíà, kò sì sí onímọ̀ tó. Ní 1924 ó gbé ìwé jáde lórí àwọn ohun tí iná mànàmáná kì í gbà kọjá. Ó tún jẹ́ ọ̀kan lára àwọn olóòtú ìwé atúmọ̀ ńlá lórí iṣẹ́ ẹ̀rọ, ó sì kọ ohun tí ó lé ní 100 àkọsílẹ̀ sínú rẹ̀. Aṣọ àlùfáà ni ó ń wọ̀ lọ sí ibi iṣẹ́ ìjọba tí kò gba Ọlọ́run gbọ́.

Ó dà bí ẹni pé ó ti fura sí ohun tí ó ń bọ̀. Láti ọdún 1917 ni ó ti ń kọ ìwé ogún kalẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Kì í ṣe owó tàbí ilé ni ó pín nínú rẹ̀. Ó gbà wọ́n níyànjú pé kí wọ́n má gbàgbé ìran wọn, kí wọ́n má ṣe iṣẹ́ kankan ní ìdajì, àti pé bí ọkàn wọn bá wúwo, kí wọ́n jáde síta, kí wọ́n wo ojú ọ̀run àti àwọn ìràwọ̀. Ó tún kọ ìtàn ìgbà èwe tirẹ̀ sílẹ̀ fún wọn.

Bí Wọ́n Ṣe Mú Un

Àwọn àgbà ní igi tí ó bá tọ́ kì í pẹ́ nígbó. Ní ọdún 1928, wọ́n lé Florensky lọ sí ìlú Nizhny Novgorod. Ekaterina Peshkova, ìyàwó àkọ́fẹ́ Maxim Gorky òǹkọ̀wé, ni ó bá a bẹ̀bẹ̀ tí ó fi padà sílé. Obìnrin yìí ni ó ń ṣe olórí ẹgbẹ́ tí ó ń ran àwọn tí a fi sẹ́wọ̀n nítorí òṣèlú lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ìparí oṣù Èrèlé ọdún 1933, àwọn ọlọ́pàá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tún mú un. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé ó wà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kan tí ó fẹ́ dojú ìjọba bolẹ̀. Kò sí ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ rárá. Àwọn ọlọ́pàá ni wọ́n hun ọ̀rọ̀ náà jọ. Ní oṣù Agẹmọ ọdún kan náà ni wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá fún un láìsí pé ó dé iwájú adájọ́ kankan ní gbangba. Maria kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, Mikhail sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá ó lé díẹ̀. Àárín òru ọjọ́ kan ṣoṣo ni ilé náà pàdánù bàbá, olùkọ́ àti ẹni tí ó ń bọ́ wọn.

Ní Ilẹ̀ Tí Kì Í Yọ́

Ìlà-oòrùn Siberia ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ, sí àwọn àgọ́ tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n ti ń la ojú irin. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1934, wọ́n mú un lọ sí Skovorodino, níbi tí ibùdó ìwádìí kan wà lórí ilẹ̀ tí omi inú rẹ̀ dì gbagidi láti ọdún dé ọdún. Bí a bá kọ́ ilé sórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ooru ilé á máa yọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, ilé náà á sì rì tàbí kí ó ya. Florensky bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí bí yìnyín ṣe ń dì àti bí a ṣe lè kọ́lé sórí rẹ̀. Ìwé kan tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 1940 lò lára iṣẹ́ ìwádìí yìí.

Ibẹ̀ ni ó wà tí ó fi gbọ́ pé wọ́n ti kó àwọn ìwé rẹ̀ lọ nílé. Ó kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí àwọn aláṣẹ. Kò bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dá òun sílẹ̀. Àwọn ìwé náà ni ó ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ó ṣàlàyé pé bí wọ́n bá pa iṣẹ́ tí òun fi gbogbo ọjọ́ ayé òun ṣe run, ó burú fún òun ju ikú ti ara lọ.

Nínú ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1934, Anna kó Olga, Mikhail àti Maria, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin la gbogbo Siberia kọjá láti lọ wò ó. Ìgbà tí wọ́n fi ojú kan ara wọn kẹ́yìn nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kan tí ó wúwo wà nílẹ̀ nígbà náà: wọ́n gbìyànjú, nípasẹ̀ Peshkova, láti bá ìjọba Czechoslovakia sọ̀rọ̀ kí Florensky àti ìdílé rẹ̀ lè kó lọ sí ọ̀hún. Florensky ní kí wọ́n dá ọ̀rọ̀ náà dúró. Ó tọ́ka sí ẹ̀kọ́ Pọ́ọ̀lù pé kí ènìyàn ní ìtẹ́lọ́rùn nínú ipòkípò tí ó bá wà. Ìpinnu yìí kò rọrùn láti gbé, nítorí pé kì í ṣe òun nìkan ni yóò san gbèsè rẹ̀. Ìyàwó àti ọmọ márùn-ún wà nílé tí wọ́n ń jẹ orúkọ ìdílé ọ̀tá ìjọba. Lẹ́yìn ìbẹ̀wò náà ni wọ́n gbé e kúrò ní Skovorodino lọ sí Solovki.

Kíláàsì Inú Lẹ́tà

Solovki jẹ́ àwọn erékùṣù tí ó wà nínú Òkun Funfun ní àríwá Rọ́ṣíà. Láti ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún ni àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn ti kọ́ ilé síbẹ̀. Ní ọdún 1923 ni Ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì sọ ibẹ̀ di àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n. Fún ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún ni omi òkun ń dì, tí lẹ́tà sì ń pẹ́ kí ó tó kọjá. Iye lẹ́tà tí ẹlẹ́wọ̀n lè kọ níwọ̀n, àwọn olùyẹ̀wò sì ń ka gbogbo rẹ̀ kí wọ́n tó fi ránṣẹ́. Florensky ń fi nọ́ńbà sí àwọn lẹ́tà rẹ̀ tẹ̀léra-tẹ̀léra, kí àwọn ará ilé lè mọ èyí tí ó bá sọnù lọ́nà.

Ọgbọ́n tí ó dá sí ìwọ̀n tí wọ́n fún un ni èyí tí ó yẹ kí olùkọ́ kíyè sí. Nínú lẹ́tà kan ṣoṣo, yóò pín bébà sí ọ̀nà púpọ̀: apá kan fún ìyá rẹ̀ tí ó ṣì wà láàyè, apá kan fún Anna, lẹ́yìn náà fún ọmọ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ ìkẹ́ tí ó ń pè é nílé. Mik ni Mikhail, Tika sì ni Maria. Ohun tí ó ń bá ọ̀kan sọ kì í ṣe ohun tí ó ń bá èkejì sọ. Ọ̀rọ̀ òkúta àti ohun inú ilẹ̀ ni ó ń bá Vasily àti Kirill sọ, nítorí iṣẹ́ tí wọ́n yàn nìyẹn. Fún Olga, ọ̀rọ̀ nípa orin, ìwé lítíréṣọ̀ àti ewéko ni. Àwọn méjì tí ó kéré jù ń gbọ́ nípa ẹyẹ òkun, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ mèremère tí ó ń tàn lójú ọ̀run àríwá lóru, àti oòrùn tí kì í fẹ́ wọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó kọ ewì gígùn kan fún Mik, èyí tí ó pe àkọlé rẹ̀ ní Oro, nípa ọmọdékùnrin kan láàrin àwọn ẹ̀yà tí ń gbé ní ilẹ̀ yìnyín Siberia. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń fi ewì náà ránṣẹ́ nínú lẹ́tà.

Iṣẹ́ tí wọ́n fún un ní Solovki ni láti máa yọ áyódíìnì, oògùn tí a ń fi sí ojú egbò, láti inú koríko òkun. Òun àti àwọn onímọ̀ mìíràn tí wọ́n jẹ́ ẹlẹ́wọ̀n tún ṣàwárí bí a ṣe lè rí ágà, ohun tí ó máa ń dì bí ẹ̀kọ, láti inú irú koríko bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tipátipá ni. Síbẹ̀, ó sọ ọ́ di ẹ̀kọ́: ó ń ya àwòrán koríko òkun náà sínú lẹ́tà, ó ń kùn ún ní àwọ̀, ó sì ń ṣàlàyé bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe rí. Àwọn ọmọ tí kò lè dé ibi tí bàbá wọn wà ń rí ohun tí ojú rẹ̀ ń rí.

Ohun tí kò sí nínú àwọn lẹ́tà náà ṣe pàtàkì pẹ̀lú. Ìyà àgọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ hàn níbẹ̀. Àwọn olùyẹ̀wò kò ní gbà, òun náà kò sì fẹ́ kí ẹrù òun wọ àwọn ọmọ lọ́rùn. Ó máa ń bẹ Anna pé kí ó má fi oúnjẹ du ara rẹ̀ àti àwọn ọmọ nítorí àtifi ẹrù ránṣẹ́ sí òun. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn òótọ́ máa ń yọjú. Ó kọ̀wé pé ẹni tí ó bá fẹ́ fún ayé ní ohun ńlá kò ní ṣàì san owó rẹ̀ pẹ̀lú ìyà àti inúnibíni.

Òun nìkan kọ́ ni ó ń ṣe báyìí. Alexei Wangenheim, ẹni tí ó dá iṣẹ́ àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ Ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ ní 1929, wà ní Solovki bákan náà. Ọmọbìnrin rẹ̀ kò tíì pé ọdún mẹ́rin nígbà tí wọ́n mú un ní 1934. Bàbá yìí ń fi àlọ́, àwòrán àti ewé gbígbẹ ránṣẹ́ sí i, ó sì ń fi iye ẹ̀ka ara ewé kọ́ ọ ní oókà. Ní oṣù Bélú ọdún 1937 ni wọ́n yìnbọn pa á.

Ikú àti Irọ́ Ìjọba

Ní àárín ọdún 1937 ni nǹkan yí padà ní Solovki. Wọ́n ti ilé iṣẹ́ áyódíìnì pa. Nínú ọ̀kan lára àwọn lẹ́tà rẹ̀ tí ó gbẹ̀yìn, ní oṣù Òkúdù, Florensky sọ pé ọdẹ òru ni wọ́n fi òun ṣe báyìí, pé òun ń ṣọ́ ọjà tí wọ́n ti ṣe sínú ilé iṣẹ́ tí ó ti dòfo, níbi tí òtútù mú tí afẹ́fẹ́ sì ń hu. Lẹ́yìn oṣù náà, lẹ́tà kò wá mọ́.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé ní ìparí oṣù Agẹmọ ọdún náà, ìjọba Stalin pàṣẹ pé kí wọ́n pa àwọn tí wọ́n kà sí ọ̀tá káàkiri orílẹ̀-èdè, wọ́n sì yan iye tí agbègbè kọ̀ọ̀kan yóò pa. Wọ́n bu 1,200 fún Solovki. Ní ọjọ́ 25 oṣù Bélú, ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta kan ní Leningrad dá ẹjọ́ ikú fún Florensky láìjẹ́ pé ó wà níbẹ̀. Wọ́n yìnbọn pa á ní ọjọ́ 8 oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1937, ní agbègbè Leningrad, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 55. Ó wà lára àwọn ẹlẹ́wọ̀n Solovki tí ó lé ní 500 tí wọ́n kó wá pa ní oṣù náà.

Wọn kò sọ fún ìdílé rẹ̀. Ọdún ń gorí ọdún, Anna sì ń dúró. Ní ọdún 1958, lẹ́yìn ikú Stalin, ilé-ẹjọ́ tún ẹjọ́ ọdún 1933 yẹ̀ wò, ó sì rí i pé kò ní ìpìlẹ̀. Ní 1959 wọ́n wẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ nínú ẹjọ́ kejì náà. Síbẹ̀, irọ́ ni wọ́n kọ sínú ìwé ẹ̀rí ikú tí wọ́n fún ìdílé náà: wọ́n ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1943 ni ó kú. Anna kú ní ọdún 1973 láìmọ ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ kú ní tòótọ́. Ọdún 1989 ni ìjọba tó kọ ọjọ́ tí ó tọ́ sílẹ̀.

Ìgbẹ̀yìn Àwọn Lẹ́tà

Láàrin gbogbo ọdún tí ìjọba fi parọ́, àwọn lẹ́tà náà wà nínú ilé. Ó léwu láti tọ́jú ìwé ẹni tí ìjọba pè ní ọ̀tá, ṣùgbọ́n Anna àti àwọn ọmọ kò dáná sun wọ́n. Ẹ̀kọ́ inú wọn pẹ̀lú kò ṣòfò. Kirill di onímọ̀ nípa ohun tí ó para pọ̀ di ilẹ̀ ayé, ó ṣiṣẹ́ lábẹ́ Vladimir Vernadsky tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀, ó sì tún ṣe ìwádìí lórí òṣùpá. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe kòtò kan lójú òṣùpá. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ní kí ó máa gbójú wo òkè nígbà tí ọkàn rẹ̀ bá wúwo ni a fi orúkọ rẹ̀ sí òkè báyìí.

Ní ọdún 1936, nígbà tí Florensky ṣì wà ní Solovki, Vasily bí ọmọkùnrin kan, wọ́n sì sọ ọ́ ní Pavel. Nínú lẹ́tà nìkan ni bàbá àgbà ti mọ̀ ọ́n. Nígbà tí àwọn lẹ́tà láti Siberia àti Solovki jáde ní ìwé ní Moscow ní ọdún 1998, ọmọ-ọmọ yìí wà lára àwọn tí ó ṣe olóòtú wọn. Onímọ̀ nípa òkúta àti ilẹ̀ ni. Ẹnìkejì rẹ̀ nínú iṣẹ́ náà ni Andronik Trubachev, ọmọ Olga, tí ó jẹ́ àlùfáà.

Ìkádìí

Bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Iṣẹ́ méjèèjì tí Pavel Florensky kọ̀ láti yà kúrò lára ara wọn ni àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ méjì gbà ṣe: ọ̀kan gba ìmọ̀ ilẹ̀ ayé, èkejì gba aṣọ àlùfáà. Ìjọba gba ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gba àwọn ìwé rẹ̀, ó gba òmìnira rẹ̀, ó sì gba ẹ̀mí rẹ̀. Ohun tí ó ṣẹ́ kù kò ju bébà díẹ̀ tí ó pín sí ọ̀nà méje lọ, bébà tí ọ̀tá ti kọ́kọ́ kà. Olùkọ́ tí ó bá ń wò ó pé kò sí ohun èlò tó ní kíláàsì òun lè rántí bébà náà, àti bí ọmọ kọ̀ọ̀kan ṣe ń bá orúkọ tirẹ̀ àti ẹ̀kọ́ tirẹ̀ pàdé nínú rẹ̀.